Kọ́ọ̀bù orí àmù: bí onígbáméjì ṣe wọlé wa l'Ájàṣẹ́

Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu ń pè, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kútọnù ń pè, kálukú ló ń béèrè pé báwo gan-an lẹ ṣe ṣe é tí onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà, kò fi pa ẹnikẹ́ni nínú yín, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lórí fóònù. Mo wá jókòó báyìí, ọmọ ti sùn, màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, èyí tá a ṣe dáadáa àtèyí tá a bà jẹ́, mi ò ní yọ èyí tó ń tì mí lójú kúrò torí ibẹ̀ gan-an ni àrùn yẹn ti fẹ́ rí wa mú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bílé wa ṣe rí. Apá ìsàlẹ̀ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, là ń gbé, lọ́nà ọ̀sà, ilé àtijọ́ tó ní àgbàlá láàárín, ìdílé mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ka àwọn ọmọ mọ́ ọn èèyàn 19. Kànga kan wà lágbàlá, ṣalángá kan wà lẹ́yìn ilé, mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín àwọn méjèèjì lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, kò tó mítà 10, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ó yẹ kó tó mítà 30. Tí òjò bá pọ̀, omi kànga yẹn á gòkè débi pé ọmọdé lè na ọwọ́ bù ú. Omi kànga la fi ń fọṣọ, òun la fi ń fọ abọ́, òun la fi ń wẹ̀. Omi ẹ̀rọ là ń mu, ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan la ti ń rà á ní bídọ̀n bídọ̀n, a ó gbé e wálé, a ó dà á sínú àmù Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi. Nítorí náà ọkàn wa balẹ̀, a ní omi ẹ̀rọ là ń mu.

Èmi, àkàsà ni mo ń tà, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata, ní ẹ̀bá ọ̀nà láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni, òjò kejì ti bẹ̀rẹ̀, odò Ouémé ti kún. Àwọn tó ń kó ẹja wá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́jà pé àwọn èèyàn ń ṣu ń bì lápá odò, nígbà tó yá rédíò náà sọ ọ́. A gbọ́ o. A ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa, a sì ń bá tiwa lọ. Ọjọ́ Àìkú yẹn àbúrò ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Aguégués lápá odò yẹn, òkú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Èmi kì í pe orúkọ rẹ̀, Ọkọ mi kékeré ni mò ń pè é, torí mo bá a nílé nígbà tí mo wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Ó jẹun níbẹ̀, ó mu omi níbẹ̀, ta ni kì í jẹun níbi òkú. Ó padà dé nírọ̀lẹ́, ara rẹ̀ yá gágá.

Mọ́júmọ́ ọjọ́ Àtàláátà, aago méjì kọjá díẹ̀, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣalángá gbá, ó tún gbá, ẹ̀ẹ̀kẹta mo gbọ́ tó ń bì. Mo jí bàbá àwọn ọmọ pé kó lọ wo àbúrò rẹ̀. Ká tó tan iná fóònù sí i ó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, kò lè dé ṣalángá mọ́, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ kò sì jọ ìgbẹ́ rárá, omi tá a fi fọ ìrẹsì ló jọ, ó funfun báyìí, ó kàn ń ṣàn lọ.

Màmá jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Onígbáméjì ni.”

Kọ́lẹ́rà la máa ń gbọ́ ní rédíò, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi rí. Igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́, ohun táwọn àgbà ní orúkọ yẹn dúró fún nìyẹn, ẹni tó bá sì ti rí i á mọ̀ pé kò sí orúkọ tó bá a mu jù ú lọ. Màmá ti rí i rí nígbà tá a ṣì ń jẹ́ Dahomey. Mo kà á lẹ́yìn náà pé láti Indonesia ló ti gbéra ní 1961, tó ń rìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, tó sì wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970. Màmá ò mọ ti Indonesia, ohun tóun rántí ni pé nígbà yẹn wọn kì í fún ẹni tó bá mú lómi. Omi ló ń jáde lára rẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún bu omi sí i, ẹ̀ ń fún un lágbára ni. Bí wọ́n ṣe sọ fún wọn nìyẹn, bó sì ṣe sọ fún wa nìyẹn, ó ní a ò gbọ́dọ̀ fún un lómi.

A gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mi ò lè purọ́, a gbọ́ràn. Ta ni màá jẹ́ tí màá bá Màmá jiyàn lóru, ní ojú ọmọ tó bí? Bàbá àwọn ọmọ wá oògùn ọjà kan tó ṣẹ́ kù sínú àpò, èyí tí wọ́n ní ó ń dá ìgbẹ́ dúró, ó fún un ní méjì. Kò dá nǹkan kan dúró. Àtìgbà yẹn wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé kò yẹ ká lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún àrùn yìí rárá, àti pé nígbà tó bá le, àgbàlagbà lè pàdánù tó lítà omi kan láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀, aago méjì sí aago márùn-ún. Ojú rẹ̀ wọnú, ohùn rẹ̀ lọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ hunjọ bíi tẹni tó fọṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká jọ tó sì ń kígbe láìní ohùn. Ìgbà tí mo rí i pé kò lè kígbe mọ́ ni mo dúró níwájú Màmá, mo kúnlẹ̀, mo ní “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, màá fún un lómi.” Kò dáhùn. Mo lọ.

Pákẹ́ẹ̀tì SRO méjì wà nílé láti ìgbà tí ọmọ mi ti ṣàìsàn, omi oníyọ̀ oníṣúgà yẹn. Mo já ọ̀kan, mo dà á sínú ìgò omi rírà, mo bu omi kún un, mo ń mì í. Ọmọbìnrin mi àgbà, ọmọ ọdún 11 ni, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ti mú ọ̀rá pákẹ́ẹ̀tì tí mo jù sílẹ̀, ó ń kà á, ó ní, “Mọ́mì, lítà kan ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, ìgò yẹn lítà kan àbọ̀ ni.” Mo wo ara ìgò, lóòótọ́ ni. Ìgò tí gbogbo Àjàṣẹ́ ń lò, tá a máa ń tọ́jú lẹ́yìn tá a bá ti mu omi inú rẹ̀ tán, lítà kan àbọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá po pákẹ́ẹ̀tì kan sínú rẹ̀ ní kíkún, ó ti ṣàn jù, kò ní ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Tẹ́ ẹ bá sì pò ó kì jù, ìyẹn gan-an tún léwu, pàápàá fún ọmọdé. Mo tún un pò. A ń fún un ní ṣíbí ṣíbí, tó bá bì í a ó dúró díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní pákẹ́ẹ̀tì nílé, kó wá omi mímọ́ lítà kan, kó fi ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì wọn ṣúgà mẹ́fà sí i, kó má kún kọjá ẹnu ṣíbí, kó fi ìdajì ṣíbí iyọ̀ sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tá a bá pò, tí ilẹ̀ bá fi mọ́ ká dà á nù.

Aládùúgbò wa kan ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń kó ẹrù. Mo sọ fún un gbangba pé kọ́lẹ́rà la rò pé ó jẹ́, torí mi ò fẹ́ kó gbé e láìmọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ká tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ó gbé wa. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láyé.

Ní ilé ìwòsàn wọn ò jẹ́ kó dúró lórí ìlà rárá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí apá méjèèjì, omi sérọ́ọ̀mù ń wọlé bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ. Mo ń kà á: ìgò méjìlá, ìdajì lítà ìdajì lítà, láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ní ìgò kẹrin ó la ojú. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ń béèrè oúnjẹ. Mo ti rò pé òkú la gbé dé ibẹ̀, mo wá ń wò ó tó ń bínú pé kókó tí wọ́n fún òun kò ní ṣúgà. Omi ni wọ́n fi wò ó, omi àti iyọ̀, oògùn tó kù kò ju ohun tó gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Àǹtí, ta ló fọ aṣọ tó wọ̀ lóru?” Mo ní èmi ni. “Níbo?” Lẹ́bàá kànga. “Omi tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, níbo lẹ dà á sí?” Mi ò lè fèsì, torí ilẹ̀ àgbàlá ni mo dà á sí, ilẹ̀ yẹn sì dagẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ kànga, mo ti rí i lójú ara mi ní ìgbà púpọ̀ pé omi máa ń padà síbẹ̀. Ó tún ní, “Ta ló ń dáná nílé yín?” Èmi náà ni. “Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?”

Mo ní àkàsà ni mò ń tà.

Kò bá mi wí. Ó kàn jókòó, ó ṣàlàyé fún mi pé àrùn yìí lè wà lára èèyàn láàárín wákàtí 12 sí ọjọ́ márùn-ún kó tó jáde, àti pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kó o kò ní ṣàìsàn rárá, tàbí kí inú kàn run wọ́n díẹ̀, síbẹ̀ kòkòrò rẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ wọn jáde láti ọjọ́ kan títí dé ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní ẹni tó ń bì kọ́ ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà yín jù, ìyẹn kúkú ti dùbúlẹ̀, kò lè lọ síbì kankan. Ẹni tí ara rẹ̀ yá tó sì ń fọwọ́ kan oúnjẹ ni.

Mo dá ọjà dúró ọjọ́ mẹ́wàá.

Nínú gbogbo ohun tá a ṣe, òun ló nira jù fún mi, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oúnjẹ gbọ́ dáadáa. Mò ń jèrè tó bíi 3000 sẹ́fà lójúmọ́ tí ọjà bá dáa. Owó àjọ mi pé ní ọjọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Àgbàdo tí mo ti rẹ ti ń kan nínú igbá. Bàbá àwọn ọmọ ní ṣé o ń ṣu ni, ṣé o ń bì, ara rẹ le, tó o bá dúró sílé ta ló máa san owó ilé ìwòsàn? Òdodo ló sọ. Mo sọ fún un pé mo ti fi ọwọ́ yìí gbá aṣọ àbúrò rẹ̀ jọ lóru, mi ò mọ̀ bóyá mo ti kó o tàbí mi ò kó o, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀, àwọn ọmọ iléèwé ló ń ra àkàsà mi kí wọ́n tó wọ kíláàsì, mi ò lè fi ọmọ ẹlòmíì dán an wò. A bá ara wa jà lórí ẹ̀ dé àárín òru. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá ìyálájọ fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n sún tèmi síwájú.

Mo sì sọ fún àwọn oníbàárà mi. Mi ò sọ pé mo lọ síbi ayẹyẹ, mi ò sọ pé ara mi ò yá, mo ní ẹnì kan ní kọ́lẹ́rà nílé wa, mo ń dúró kí ọjọ́ pé. Bàbá àwọn ọmọ ní mo ti ba orúkọ ọjà mi jẹ́. Láàárín ọjọ́ kan àwọn oní-zém, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ti ń pe ilé wa ní ilé onígbáméjì, wọn ò gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà wa mọ́, wọ́n á sọ yín kalẹ̀ lókè ọ̀hún. Ó dùn mí gan-an.

Nílé, nǹkan àkọ́kọ́ tá a ṣe ni pé a pín iṣẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dáná, ẹni tó ń dáná kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ aláìsàn. Ìyẹn ni pé bàbá àwọn ọmọ ló máa tọ́jú àbúrò rẹ̀ nígbà tó bá ti ilé ìwòsàn dé, òun ló máa fọ aṣọ rẹ̀, òun ló máa da garawa rẹ̀ nù. Ẹnu ya gbogbo àgbàlá, ọkùnrin tó ń fọ aṣọ ìgbẹ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ó ṣe é. Wọ́n ti kọ́ ọ bó ṣe máa po javel, ìyẹn omi bílíìṣì, ife javel kan sí ife omi mẹ́sàn-án fún ilẹ̀ àti ṣalángá àti ibi tí ìgbẹ́ bá kàn, tó bá jẹ́ javel tuntun tí oòrùn ò tíì pa, irú èyí tí wọ́n kọ 5% sí lára. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ike funfun lójú oòrùn, agbára rẹ̀ ti lọ. Inú ṣalángá ló ń da omi aṣọ sí, kò tún kan ilẹ̀ àgbàlá mọ́, ó sì ń sá aṣọ náà sí oòrùn gangan.

Ọ̀rọ̀ àmù ló kàn. Mo ní mo fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà dé ẹnu wa, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ títí dé ọ̀nà ọ̀fun, ni mo bá gbé àpótí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àílà títí dé Àṣámù. Mi ò sọ fún ẹnì kankan ohun tí mò ń ṣe. Kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà lórí àmù yẹn, kọ́ọ̀bù onírin, àtìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ló ti wà níbẹ̀. Láàárín ìrun méjì wọ́n rì í bọ inú omi ní ìgbà 23. Ọwọ́ máa ń wọ omi dé ọrùn ọwọ́ tí omi bá ti lọ sílẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti ṣalángá bọ̀ tààrà, wọ́n ò dé ibi ọṣẹ, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn ni ọmọ mi. Omi tá a fi owó rà, tó mọ́ nígbà tá a gbé e dé, inú ilé wa níbẹ̀ la ti ń bà á jẹ́. Gbogbo ọdún tá a ti ń sọ pé kànga ni, kànga ni. Bóyá kànga ni lóòótọ́, mi ò lè búra, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ dí kànga pa, kọ́ọ̀bù yẹn ṣì máa gbé e dé ẹnu wa.

Ẹ mọ̀ pé àmù Màmá kì í ṣe nǹkan téèyàn kàn máa gbé jù síta. Ìyá rẹ̀ ló fún un, omi inú rẹ̀ máa ń tutù bí omi yìnyín. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kó gbogbo omi mímu sínú bídọ̀n tí ẹnu rẹ̀ kéré, kí ẹnikẹ́ni má lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ká máa dà á sínú ife, a sì ṣe bẹ́ẹ̀, a ń fi Aquatabs, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i, hóró kan èyí tí wọ́n ṣe fún lítà 20, a ó dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Màmá ò mu ún. Ó ní ó ń rùn bí omi ìfọṣọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò mu omi níwájú mi, ẹ̀rù sì bà mí pé ó ń mu ti kànga tí mi ò bá sí níbẹ̀. Ìgbà tó yá mo bá a jókòó, mo ní Màmá, àmù ò ní kúrò, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: alẹ́ la ó ti fi oògùn sí omi bídọ̀n, a ó dé e, tó bá fi di àárọ̀ òórùn á ti dín kù, a ó wá bu ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè mu lọ́jọ́ yẹn nìkan sínú àmù, torí wọ́n ní amọ̀ máa ń tètè fa agbára oògùn yẹn, a ó ra ìgbako tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, a ó gbé e kọ́ sára ògiri, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan án yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín. Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé èmi nìkan?” Mo ní ẹ̀yin nìkan, Màmá. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló di ọlọ́pàá omi ilé wa, kò sí ọmọ tó láyà láti sún mọ́ àmù láìfọwọ́. Kọ́ọ̀bù onírin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló mú un, ó ń fi bu oúnjẹ adìyẹ.

Ọwọ́ fífọ̀ kò gba ariwo. A so bídọ̀n kékeré kan mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà ṣalángá, a lu ihò sí i, a so ọṣẹ mọ́ ọn. Wọ́n jí ọṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, a fi eérú sínú agolo dípò rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta mo ṣàkíyèsí pé Ìyá Ìbejì, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, kò jẹ́ káwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Òun ló ti bá wa jà pé a fẹ́ ba ilé jẹ́ lójú aráyé. Mo gbọ́ tí ọmọ kan ń sunkún lóru. Kò sọ fún ẹnì kankan. Inú kọ́kọ́ bí mi, màá sọ òótọ́, mo ní ṣé ó fẹ́ pa gbogbo wa ni, àfi bí mo ṣe rántí bó ṣe dùn mí nígbà táwọn oní-zém ń pe ilé wa lórúkọ, mo wá mọ̀ pé ohun tóun ń sá fún nìyẹn. Mo mú pákẹ́ẹ̀tì SRO mẹ́rin pẹ̀lú ìgò lítà kan, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo ní Ìyá Ìbejì, èyí ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ mi, ó lè wúlò fún yín, lẹ́yìn tó bá ṣu nígbà kọ̀ọ̀kan ẹ fún un ní nǹkan bí ìdajì ife. Ó bú sẹ́kún. Kẹ́hìndé ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti ṣu ìgbà mẹ́jọ láti àárọ̀. Láàárọ̀ a jọ gbé e lọ ilé ìwòsàn, kò tíì le, wọn ò tiẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sí i lára. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló fọ ṣalángá lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú javel, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ló kan ọmọ mi, àbíkẹ́yìn, oṣù 14. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń kọ́ gbogbo èèyàn ní ọwọ́ fífọ̀, ó sì kan ọmọ mi. Mi ò mọ ọ̀nà tó gbà, ó ń rákò, ó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, bóyá láti ìdí kànga ni, bóyá ọwọ́ mi náà ni. Mo fa awọ ikùn rẹ̀ sókè bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, ó padà sílẹ̀ ní wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ò wọnú, tí mo bá gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀ ó ń gbà á, mo mọ̀ pé a ṣì ní àyè, síbẹ̀ ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé ìdajì ṣíbí ń dà sílẹ̀. Wọ́n ní n má já ọmú lẹ́nu rẹ̀, kó máa mu ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n sì máa fún un ní SRO láàárín rẹ̀. Wọ́n fún wa ní hóró síńkì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé kí n lò ó tán bí ìgbẹ́ tilẹ̀ dá. Ìgbẹ́ dá ní ọjọ́ kẹta. Mo lo síńkì náà tán.

Àwọn èèyàn ń béèrè pé ṣé kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ó wà, kì í tiẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́, ẹnu ni wọ́n ń gbà mu ún, ṣùgbọ́n kò tó káàkiri ayé nígbà yẹn, débi pé ní oṣù kẹwàá 2022 wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì níbi tí àrùn bá ti bẹ́. A ò lè jókòó de ìyẹn.

Lẹ́yìn ọmọ mi, kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Mẹ́ta nínú èèyàn 19. Mo ń ka ọjọ́ sára kàlẹ́ńdà ògiri, ọjọ́ mẹ́wàá mi pé, mo tún fi ọjọ́ méjì kún un torí ọmọ tí mo ń tọ́jú, ìyẹn ò sí nínú ètò tẹ́lẹ̀, owó ti tán pátápátá nígbà yẹn, gaàrí la ń jẹ. Àárọ̀ tí mo padà sẹ́nu ọjà, mo gbé bídọ̀n omi àti ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kí ẹni tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ lè fọwọ́. Títí di aago mẹ́jọ èèyàn méjì péré ló ti rà. Obìnrin olùkọ́ kan tó máa ń rà fún àwọn ọmọ rẹ̀ dé, ó dúró, ó ní, “Ọjọ́ pé?” Mo ní ọjọ́ pé, ó tiẹ̀ lé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ra márùn-ún. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ọjà ti padà sípò.

Kànga ṣì wà níbẹ̀. A ti mọ odi kékeré yí ẹnu rẹ̀ ká, a rọ kọnkéré sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn síta dípò kó padà sínú, gbogbo ìdílé mẹ́rin la jọ dá owó rẹ̀. Ṣalángá ò tíì kúrò níbi tó wà, onílé ní ká fóun láyè díẹ̀ sí i. Ọkọ mi kékeré ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tó bá fẹ́ lọ sí òde òkú báyìí ó máa ń gbé omi tirẹ̀ dání. Ìgò lítà kan àbọ̀ ọjọ́ yẹn wà lórí pẹpẹ ní yàrá mi, ọmọbìnrin mi ti fi omi èékánná pupa fa ìlà sí i lára níbi tí lítà kan mọ, ó sì kọ “1 L” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gàdàgbà.